Ọdún Tí Wọ́n Hú Títì Iwájú Ilé Wa

Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá jókòó tí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe bá délẹ̀, ọjọ́ tí títì ọlọ́dà dé àdúgbò wọn ni kálukú máa ń ròyìn. Wọ́n á sọ bí katapílà ṣe ń bú, bí ọmọdé ṣe ń sáré tẹ̀lé e, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pariwo pé ọ̀làjú dé. Èmi náà rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo tún rí èyí tí wọn ò rí: mo rí ọdún tí wọ́n padà wá hú títì náà kúrò nílẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa, pé ta ló ń hú títì? Mo ti jiyàn rẹ̀ títí ó fi sú mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbà kó gbà. Ojú mi ló ṣe.

Apá Dùgbẹ̀ là ń gbé, níbi tí èèyàn ti ń yà sí Onírèké. Ilé tuntun ló pọ̀ jù níbẹ̀ láwọn ọdún tó tẹ̀lé òmìnira. Àwọn tó ń gbé inú wọn jẹ́ tíṣà, akọ̀wé ìjọba, àlùfáà ìjọ, àti àwọn bíi tiwa tí bàbá wọn ti Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà wá. Òwúrọ̀ ibẹ̀ máa ń dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ rélùwéè láti Dùgbẹ̀, tí bàbá mi á sì fi yí aago wọn bọ̀ sípò.

Tíṣà ni bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló kọ́kọ́ dé Ìbàdàn. Aṣọ ni wọ́n ń rán, òun náà ni wọ́n sì fi rán bàbá mi lọ sílé ìwé. Àwọn méjèèjì ra ilẹ̀ kan pọ̀, wọ́n kọ́ ilé méjì sórí rẹ̀, ilé kọjú sí ilé. Àgbàlá kan ṣoṣo ló wà láàárín, pẹ̀lú kànga, ilé ìdáná, àti igi òroḿbó kan tí èso rẹ̀ máa ń kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí gbogbo ohun tí à ń ṣe. Kò sí ìwà ìbàjẹ́ tí mo hù nínú àgbàlá yẹn tí wọn ò rí.

Ọmọ Ìbàdàn ni ìyá mi, nílé tí wọ́n sì ti tọ́ wọn, ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kí wọ́n tó dá iná àárọ̀, wọ́n á kọjá àgbàlá, wọ́n á kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi." Ọkọ mi ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ obìnrin. Ìyá mi ló ń gbé ohùn sókè, torí wọ́n ní ọmọdé ló ń gbé ohùn sókè kí àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń dáhùn. Kò sí ohun tó lè mú wọn lọgun. Wọ́n ní àgbàlagbà tó bá ń pariwo dáhùn ìkíni ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń kiri ọjà.

Ìdáhùn wọn sì máa ń gùn. Wọ́n á bèèrè bàbá mi, wọ́n á wá máa dárúkọ àwa ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn sọ wá lọ́jọ́ ìkómọ ni wọ́n á fi pè wá, kì í ṣe èyí tí bàbá mi ń pè wá. Ẹni tó ń sùn lọ́wọ́ nínú wa, wọ́n á dárúkọ òun náà. Ìgbà tí wọ́n bá kà wá tán, tí wọ́n ní kí ìyá mi dìde, ni ìyá mi tó ń dìde. Bí ọjọ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa nìyẹn, èmi ò sì kà á sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé, wọ́n kan èèkàn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn lórí mọ́ àárín àgbàlá wa. Ìjọba fẹ́ la ọ̀nà fún àwọn lọ́rì tó ń kó kòkó àti gẹdú láti apá Àpáta wá sí ibùdó rélùwéè. Bàbá mi lọ rí ẹni tó yẹ kí wọ́n rí. Wọ́n fún wọn ní àga, wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì fi èèkàn sílẹ̀ síbi tó wà. Katapílà kó igi òroḿbó lọ, ó kó ilé ìdáná lọ. Ilé méjèèjì kò wó. Àgbàlá nìkan ló lọ, títì sì wá wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú gọ́tà lọ́tùn-ún àti lósì. Kànga bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àwa ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Ìyá Òdìkejì. Wọ́n gbọ́, wọn ò bá wa wí.

Mi ò ní purọ́, títì náà dára lójú. Ó fẹ̀, ó dúdú, ó sì ń dán bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kí wọ́n tó ṣí i, àwa ọmọ àdúgbò lọ dùbúlẹ̀ gbalaja sórí rẹ̀, a ń gbọ́ ooru rẹ̀ lẹ́yìn wa. Àwọn òbí wa náà ń rìn lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó lọ gbafẹ́. Ìgbádùn yẹn kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Lọ́rì wá dé. Bọ̀lẹ̀kájà dé, agbégilódò dé, àwọn tó di àpò kòkó gègèrè náà dé, láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fèrèsé ń gbọ̀n, aṣọ tí a sá sóòrùn ń dúdú. Bí bàbá mi bá ń ka àdúrà àárọ̀, wọ́n á dúró láàárín gbólóhùn kí lọ́rì kọjá, kí Ọlọ́run náà ní sùúrù. Àwọn aládùúgbò tó ti ń fọn iná lọ́wọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìṣáná. Ìyàwó àlùfáà tó máa ń wá jókòó ti ìyá mi lọ́sàn-án kò wá mọ́, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, lọ́rì ló ń parí rẹ̀ fún wọn. Ohun tí inú fi bí mi jù nìyẹn, pé ó sọ àwọn èèyàn di ẹni tó ń kánjú bọ́ sínú ilé láti lọ ti ilẹ̀kùn.

Lọ́rì gbá ewúrẹ́ kan. Kò pẹ́, òmíràn gbá ọmọbìnrin kan tó ń lọ sílé ìwé. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tọ́ mọ́. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ṣòfin pé ẹnikẹ́ni nílé wa kò gbọdọ̀ sọdá láàárọ̀, nígbà tí lọ́rì máa ń pọ̀ jù. Oyún àbíkẹ́yìn wa wà nínú ìyá mi nígbà náà. Bàbá mi ní kí wọ́n máa kí ẹ̀gbọ́n àwọn láti ẹ̀bá gọ́tà, pé ọ̀rọ̀ náà á yé ẹ̀gbọ́n àwọn.

Ó kọ́kọ́ yé wọn lóòótọ́. Ìyá mi á kúnlẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà, wọ́n á fi gbogbo ohùn kí wọn. Ìyá Òdìkejì á ju ọwọ́ sí wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí agbégilódò kan fi bàjẹ́ síwájú ilé wa gan-an. Ó jókòó síbẹ̀ gẹlẹtẹ bí ilé fún ọjọ́ púpọ̀, kò jẹ́ kí ẹni tó wà níhìn-ín rí ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ìyá mi ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láràárọ̀, wọ́n sì ń lọgun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ohùn lè kọjá. Lọ́hùn-ún, igbe nìkan ni Ìyá Òdìkejì ń gbọ́. Wọn ò rí orúnkún kankan nílẹ̀. Nígbà tí bàbá mi lọ kí wọn ní Sátidé, wọ́n rán wọn níṣẹ́.

"Bá mi sọ fún ìyàwó rẹ pé èmi kì í ṣe ọmọ ọkọ̀ tí wọ́n ń fi igbe pè láti ẹ̀yìn lọ́rì."

Ọkùnrin mìíràn ì bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Bàbá mi, tíṣà ni wọ́n, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe sọ ọ́, wọn ò yọ ẹyọ kan. Ògì ni ìyá mi ń rò lọ́wọ́. Wọ́n gbé orógùn sílẹ̀.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Wọn ò ní gbọ́ igbe mi mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rò pé wọn ò ní jáde. Wọ́n jáde. Wọ́n kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n máa ń kúnlẹ̀ sí, wọ́n kọjú sí òdìkejì, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún, wọ́n wọlé wá dáná. Bàbá mi bi wọ́n léèrè irú ìkíni tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n ní ọkọ àwọn ni àwọn ń kúnlẹ̀ fún, kì í ṣe ẹnu ọkọ àwọn. 

Nígbà tí wọ́n fa agbégilódò yẹn lọ tán, Ìyá Òdìkejì rí wọn lórí ìkúnlẹ̀. A mọ̀ pé wọ́n rí wọn, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjú sí wa, wọn kì í sì í pẹ́ lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n wọn ò ju ọwọ́ mọ́. Wọ́n á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, ọwọ́ wọn á wà lórí itan, wọ́n á máa wo ọ̀ọ́kán. Ìyá mi wo ọwọ́ tí kò gbéra yẹn, wọ́n ní ó ti tán, àwọn ti mọ ibi tí àwọn wà lójú wọn.

Àárọ̀ Ìbàdàn kan wá wà tí kò jọ ti ibòmíràn. Obìnrin kan máa ń kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì, lọ́rì á sì máa kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ mọ̀ wọ́n. Àwọn kan á fun fèrè kí wọn, àwọn kan á ṣí fìlà. Ọ̀kan ju odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀ fún wọn, ó rò pé ẹ̀jẹ́ ni wọ́n ń san. Ìyàwó àlùfáà rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà kí ìjàǹbá ọkọ̀ lè dáwọ́ dúró, ó sì gbé Bíbélì wá kúnlẹ̀ tì wọ́n ní àárọ̀ bíi mélòó kan. Ìyá mi ò sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa la rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá.

Ẹ̀rín tán nígbà tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn. Obìnrin ni. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ gba ọmọ mọ́ra, àwọn náà ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á gbé ẹnu sí i létí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Bàbá mi sọdá lọ pè wọ́n fún ìkómọ. Wọ́n ní ẹni tó bímọ ni kó gbé e wá, pé ọmọ kò ní ṣòro gbé fún ẹni tí ara rẹ̀ le tó láti máa kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì. Ìyá mi ní ìyá ọmọ kì í tíì jáde lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ò sì ní gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ kan gba àárín lọ́rì kọjá. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ kó wá. Àwọn méjèèjì ló jàre, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. A kó ọmọ jáde láìsí wọn. Ó gba orúkọ lọ́wọ́ bàbá mi, ó gbà lọ́wọ́ ìyá mi, ó gbà lọ́wọ́ àlùfáà. Orúkọ tó yẹ kó kọ́kọ́ gbà ni kò gbà.

Ìyá mi ò fẹ́ kí a mọ̀ pé ó dùn wọ́n. Ó dùn wọ́n. Bí wọ́n bá ń wẹ ọmọ náà, wọ́n á máa ki gbogbo orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì dúró lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn bí ẹni tó ń retí òmíràn. Bàbá mi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ ìyá mi, wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn. Níhà méjèèjì, wọ́n ní bí wọ́n bá tún mẹ́nu bà á, kí wọ́n má padà wá bá àwọn jẹun. Bàbá mi fẹ́ràn oúnjẹ. Wọ́n panu mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí lọ́rì bá dínkù, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwa ọmọ tó ti dàgbà sọdá lọ kí Ìyá Òdìkejì. Wọ́n á fún wa ní bisikíìtì, wọ́n á wá bi mí bóyá ìyá mi fi iṣẹ́ kankan rán mi. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bèèrè rẹ̀. Màá ní rárá mà, wọn ò rán mi. Wọ́n á mi orí, wọ́n á tún fa òwú sínú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí n dìde dúró kí n fi ọwọ́ hàn wọ́n ibi tí ọmọ kékeré yẹn ga dé lára mi. Màá fi ọwọ́ sí itan mi, nígbà tó yá mo ń fi í sí ìgbáròkó. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń gé aṣọ rẹ̀. Wọ́n ń rán aṣọ fún ọmọ tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn rí. Aṣọ náà máa ń tóbi jù díẹ̀. Ìyá mi ò ní dúpẹ́, wọn ò ní bínú. Wọ́n á kàn wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn, wọ́n á gbé ọmọ náà jókòó síwájú ilé, níbi tí ẹni tó wà ní òdìkejì á ti rí i.

Lọ́dún kan, Ìyá Òdìkejì ṣàìsàn nígbà òjò. Ikọ́ ni. Àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ṣófo fún ìgbà pípẹ́, ìyá mi sì ń kúnlẹ̀ fún àga náà láràárọ̀, nínú ẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń se omi ọbẹ̀ ẹja, wọ́n ń gbé e fún bàbá mi lọ, láìsọ pé ta ni kí wọ́n gbé e fún. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún ìyàwó àlùfáà pé bí obìnrin yẹn bá lọ báyìí, orúkọ ọmọ àwọn ló gbé lọ. Ìyàwó àlùfáà ní kí wọ́n sọdá lọ bá wọn nígbà náà. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ síbi tí wọn ò ti dá àwọn lóhùn. Orí kunkun ni, mo mọ̀. Mo jogún díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Òdìkejì gbádùn, wọ́n padà sórí àga, gbogbo nǹkan sì tún rí bó ṣe wà.

Ohun tó wá hú títì náà kì í ṣe àánú. Wọ́n la ọ̀nà mìíràn fún àwọn lọ́rì, èyí tó gba ìta ìlú lọ, tó sì yá ju tiwa. Lọ́rì tó kù lórí tiwa kò ju ti àwọn tó ń sá fún ọlọ́pàá lọ, ìdájí sí àárọ̀ gan-an ni àwọn yẹn sì máa ń rọ́ kọjá. Àwọn àgbà àdúgbò lọ bá ìjọba pé kí wọ́n dá ilẹ̀ àwọn padà fún àwọn. Wọ́n ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn ìjọ, ariwo sì pọ̀. Àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, àti àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti àkàrà fún awakọ̀, ní títì náà ló ń bọ́ àwọn, ta ni yóò máa bọ́ àwọn bó bá lọ? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Púpọ̀ nínú wọn kó lọ sí àdúgbò Challenge nígbà tó yá, mi ò sì mọ bó ṣe rí fún wọn. Nígbà tí èèyàn bá ń yin ohun tí wọ́n tú ká, ó yẹ kó rántí pé àwọn kan ti tẹ́ ẹní sórí rẹ̀.

Wọ́n gbé àgbá tí wọ́n da kọnkéré sí nínú dí ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ọjọ́ náà gan-an ni katapílà dé, tàbí àbúrò èyí tó kó igi òroḿbó wa lọ. Mo rò pé ariwo ti tán, àṣé èyí tó burú jù ló kù. Kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ti ń ta á jí, títí kan ọjọ́ Ìsinmi, a sì ń gbọ́ ọ títí a ó fi jẹun alẹ́. Ó ń fa ọ̀dà ya bí èèyàn ṣe ń fa èépá lára egbò, òkúta ń hàn lábẹ́, amọ̀ pupa ń hàn lábẹ́ òkúta. Àwọn èèyàn ń kó ègé ọ̀dà lọ fi dí ihò páànù. Ìyá mi ń kúnlẹ̀ nínú eruku gbogbo rẹ̀. Iwájú ilé wa ni wọ́n hú kẹ́yìn, ní ọjọ́ Sátidé kan, tí wọ́n sì fi katapílà sílẹ̀ síbẹ̀ lọ sílé.

Ọjọ́ Ìsinmi ló tẹ̀lé e. Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi. Mo dùbúlẹ̀, mò ń retí pé kí nǹkan kan kọjá, nǹkan kan ò kọjá. Fèrè ọkọ̀ rélùwéè dún láti Dùgbẹ̀, mo sì gbọ́ ọ, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo mú pákò, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àbíkẹ́yìn wa tẹ̀lé mi pẹ̀lú aṣọ oorun lára, ó wá fi ara tì mí. Ó ti dàgbà tó ẹni tó ń bá mi jà sí ibi tí a ó jókòó.

Ìyá mi jáde. Wọ́n tún ìró wọn wé, wọ́n kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n máa ń kúnlẹ̀ sí, wọn ò sọ nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dé láti òdìkejì. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, ohùn ẹni tó ń sọ ohun tó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

"Káàárọ̀, ìyàwó mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ńkọ́?"

Wọ́n wá ń dárúkọ wa. Wọ́n dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wọ́n dárúkọ mi, orúkọ tí àwọn nìkan fi ń pè mí. Wọ́n dárúkọ èyí tó tẹ̀lé mi. Lẹ́yìn èyí, wọ́n dárúkọ kan tí èmi ò gbọ́ rí láyé mi. Wọn ò dúró lórí rẹ̀, wọn ò yí ohùn padà. Wọ́n pè é bí wọ́n ṣe pe ti àwa yòókù.

"Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa. Ó tó, dìde. Ilẹ̀ tutù."

Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n wọlé lọ. Wọn ò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ìyá mi ò dìde. Wọ́n yí orí sí mi, ojú wọn rí bí ojú ẹni tí wọ́n gbá. Wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́. Àbíkẹ́yìn wa bèèrè pé ta ni wọ́n ń pè yẹn. 

Ìyá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bọ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n hú. Bàtà wọn ń rì, wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo tẹ̀lé wọn. Ìyá Òdìkejì tún jáde pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, wọ́n sì bá wa níwájú àtẹ̀gùn wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọkọ mi, mi ò gbọ́."

"Kí lo ò gbọ́?"

"Gbogbo ohun tí ẹ ti ń wí. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́."

Ìyá Òdìkejì wo ilẹ̀ pupa tó wà láàárín ilé méjèèjì.  Wọ́n ní láti àárọ̀ tí wọ́n ti fa lọ́rì yẹn lọ tí àwọn sì rí ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀ ni ojú ti ti àwọn. Wọ́n ní ọwọ́ tí àwọn ń jù ló sọ ìkíni di ti ọmọ ọkọ̀, ni àwọn fi dá ọwọ́ dúró, tí àwọn ń fi ohùn ìsàlẹ̀ dáhùn láràárọ̀ bó ti yẹ kí àgbà dáhùn.

"Mo rò pé ò ń gbọ́ mi," ni wọ́n wí. "Mo rò pé ò ń gbọ́ orúkọ ọmọ náà láràárọ̀, o kàn kọ̀ láti gbé e wá ni."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Inú ń bí wọn. Inú ń bí wọn sí lọ́rì, sí ara wọn, sí bàbá mi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa lọ́hùn-ún pẹ̀lú aṣọ oorun, tó ń wò wá. Ìyá Òdìkejì jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n fa ọmọ náà sáàárín orúnkún wọn. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọn èjìká rẹ̀, wọ́n ní abájọ, àwọn ti ń gé e tóbi jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹnu sí i létí.

Ọmọ náà fà sẹ́yìn. "Orúkọ mi kọ́ nìyẹn."

"Orúkọ rẹ ni," ni Ìyá Òdìkejì wí. "O kàn ò tíì gbọ́ ọ rí ni."

Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Òun ló ń jẹ́ títí dòní, ó sì ti di ìyá àgbà.

Ilẹ̀ náà kò tètè jọ ilẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, àgbàdo tí a gbìn síbẹ̀ kò ju orúnkún lọ, epo ló ń jáde nínú omi tó bá dúró. Nígbà tó yá, koríko mú un. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ìyàwó àlùfáà tún ń wá jókòó lọ́sàn-án, wọ́n sì ń parí ọ̀rọ̀ wọn fúnra wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níbẹ̀ lónìí kò lè mọ ibi tí títì náà gbà, àfi bó bá gbẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì Ìsinmi yẹn ni ìyá mi ti ń kọjá láràárọ̀ lọ kúnlẹ̀ síwájú àga náà. Wọ́n ń gbé ohùn sókè bíi ti tẹ́lẹ̀, Ìyá Òdìkejì sì ń fi ohùn ìsàlẹ̀ dáhùn. Wọ́n á ka àwa ọmọ tán, wọ́n á ní kí ìyá mi dìde. Ìyá mi ò ní dìde.

"Ẹ tún un wí, ọkọ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe láràárọ̀ títí Ìyá Òdìkejì fi dákẹ́ láyé. Mo rò pé á sú àgbàlagbà. Kò sú wọn. Wọ́n á tún un wí láti ìbẹ̀rẹ̀.